Ìyá Onígẹ̀gẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Kì Í Dá Lóhùn

Láoyè, dìde lórí odó yẹn! Odó tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi lo sọ di àpótí ìjókòó? Ẹ̀n-ẹ́n. Fadérera, sún mọ́ mi níbí, kó o yé fi ìgùnpá gún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, kó tètè lọ o, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kò ní dúró de ẹnì kankan.

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀.

Kí nìyẹn? Ṣé ẹ ò jẹun ni? Ọmọ Ìdí-Ọ̀sẹ̀ kì í dáhùn bí ẹni tí òtútù mú. Mo ní ààlọ́ o o o!

— Ààlọ̀ ọ̀ ọ̀!

Ẹ̀yin lọmọ mi nìyẹn. Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀ fùú, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, kò bà síbòmíràn, àfi lórí Àwẹ̀ró olóhùn iyọ̀, àti lórí ìyá arúgbó kan tí gbogbo ìlú ń fi ọwọ́ bo ẹnu fún.

Ìlú tí mo ń sọ yìí, Ìdí-Ọ̀sẹ̀ ìlú wa ni. Ẹ jẹ́ kí n yangàn díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú mi. Ìlú mìíràn lè ní ọjà tó fẹ̀ ju tiwa lọ. Wọ́n lè ní odò tó jìn ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n orin? Orin kẹ̀? Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n lọ jókòó! Ọmọ jòjòló tiwa, bó bá ń sunkún, ẹkún rẹ̀ ní ohùn nínú. Ará ìlú kejì á tẹ́ òkú wọn sílẹ̀, wọn ò ní sin ín, wọn á kọ́kọ́ ranṣẹ́ sí Ìdí-Ọ̀sẹ̀ pé ká wá bá wọn kọrin ìdágbére. Ìnáwó tí olórin wa kò bá sí ńbẹ̀, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni.

Ẹ mọ àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, Òkè Ajẹ́pè. Láyé ìgbà yẹn, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, gbogbo ìlú á tò sí ìdí òkè náà ní Ọjọ́ Ìpè. Olórí olórin á gun orí rẹ̀ lọ, òun nìkan, á sì fi orin ké sí Ọlọ́run. Bó bá ti ké e tán, gbogbo ilẹ̀ á pa rọ́rọ́. Aboyún ò ní wúkọ́. Ewúrẹ́ pàápàá, wọn á ti so ó mọ́lẹ̀ nílé. Ìgbà náà ni òkè á dáhùn: "O o o o!" Inú ìlú á wá dùn ṣìnkìn. "Ọlọ́run ti dá wa lóhùn! Ọdún yìí á sàn wá!"

Mo rí yín, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí. Ẹ ń tọwọ́ bọ ara yín níhà, ẹ ní gbohùngbohùn ni. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń pa àlọ́ níbí, ẹ̀yin àbí èmi?

Àwẹ̀ró ni olórí olórin nígbà yẹn. Obìnrin pupa ni, ó ga, eyín rẹ̀ funfun báláú. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà, àyà rẹ̀ á ti débẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Bó bá sì la ẹnu, ẹyẹ á bà sílẹ̀, kì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n kò gbe orin fún ẹnikẹ́ni rí. Òun lá lé e, ẹlòmíràn ni kó gbè. Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ní, "Àwẹ̀ró, gbè é fún wa lónìí kí àwa náà lé e," á kan bú sẹ́rìn-ín. Á ní, "Ta ni n ó gbè fún? Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń gbe orin fún èmi Àwẹ̀ró lórí òkè."

Ẹ gbọ́ o! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti rí màbo lórí ọ̀ràn ọmọ. Obìnrin ni ọmọ náà, Mosúnmọ́lá lorúkọ rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀ eyín ni. Gbogbo ìgbéraga Àwẹ̀ró, bí ọmọ yẹn bá sín báyìí, á fò lọ. Orin tó máa ń kọ lórí òkè nìyí. Èmi ni n ó lé e, ẹ̀yin ẹ gbè é, kẹ́ ẹ sì gbè é dáadáa:

Lílé: Ọba mi òkè o
Ègbè: Jẹ́ńjẹ́, dá mi lóhùn
Lílé: Àwẹ̀ró ló ń pè ọ́
Ègbè: Jẹ́ńjẹ́, dá mi lóhùn
Lílé: Olóhùn iyọ̀ ló ń pè ọ́
Ègbè: Jẹ́ńjẹ́, dá mi lóhùn
Lílé: Bí n bá pè ọ́, o ò gbọdọ̀ dákẹ́
Ègbè: Jẹ́ńjẹ́, dá mi lóhùn

Ẹ ṣeun. Láoyè, ohùn rẹ ń lọ sí oko, dá a padà.

Ó wá ku ìyá arúgbó tí mo wí. Lẹ́yìn odi ìlú, lójú ọ̀nà oko, obìnrin kan ń dá gbé inú ahéré. Àbẹ̀bí ni wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ yẹn mọ́. Ìyá Onígẹ̀gẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí gẹ̀gẹ̀ kan so sí i lọ́rùn, ó tó àgbọn. Gẹ̀gẹ̀ náà fún un lọ́fun. Bó bá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á máa ha ṣàkàṣàkà bí ìgbà tí èèyàn ń fi kànhìnkànhìn họ ìdí ìkòkò.

Àwọn àgbà ní gẹ̀gẹ̀ yẹn kì í ṣe lásán. Wọ́n ní ohùn àwọn olórin ló ń jí kó síbẹ̀. Ìyá tó bí Àwẹ̀ró, òun ni olórí olórin kó tó kan ọmọ rẹ̀. Ohùn ìyá yìí há lójijì, kò là mọ́ títí tó fi kú. Ta ni wọ́n wá di ẹ̀bi rù? Ta ló kù bí kò ṣe Onígẹ̀gẹ̀! Wọ́n lé e jáde nílùú. Wọ́n ṣòfin pé kò gbọdọ̀ gba ẹnu odi wọlé mọ́ láéláé. Wọ́n ní bó bá kí èèyàn lọ́nà oko, kí onítọ̀hún fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, kó kọjá. Bó o bá fi lè dá a lóhùn pẹ́nrẹ́n, ohùn rẹ ti wọnú gẹ̀gẹ̀ nìyẹn.

Nílẹ̀ Yorùbá o! Níbi tí a ti ń kí ẹni tó jókòó, tí a ń kí ẹni tó dìde, tí a ń kí ẹni tó ń jẹun, tí a ń kí ẹni tó kàn ń rìn lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀! Ìyá yìí á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré rẹ̀ láàárọ̀, á ní, "Ẹ kú oko o." Wọn á bo ẹnu, wọn á kọjá. "Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ o, Ọlọ́run á rọ̀jò sí i." Wọn á bo ẹnu, wọn á kọjá. Lọ́jọ́ kejì, á tún kí wọn. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí kò fi dákẹ́? N kò mọ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé.

Àwẹ̀ró ló wá burú jù nínú wọn, nítorí ti ìyá rẹ̀ ń dùn ún. Lọ́jọ́ kan, òun àti Mosúnmọ́lá ń kọjá, ìyá arúgbó náà dìde dúró.

"Ìyá Mosúnmọ́lá, ẹ kú àárọ̀ o. Orin tẹ́ ẹ kọ lánàá, mo gbọ́ ọ láti ibí. Ó mú mi rántí ìyá mi. Ẹ ṣeun o."

Àwẹ̀ró fọwọ́ kan bo ẹnu ara rẹ̀, ó fọwọ́ kejì bo ẹnu ọmọ. Nígbà tí wọ́n kọjá tán, ó tutọ́ sílẹ̀, pọ̀!

Mosúnmọ́lá ní, "Ìyá mi, ta ló máa ń dá ìyá yẹn lóhùn?"

"Kò sẹ́ni."

"Ọlọ́run náà ńkọ́?"

"Ọlọ́run wo? Ṣé irú ọ̀fun báyẹn ni Ọlọ́run ń bá ṣe pọ̀? Inú ohùn tó dára ni Ọlọ́run ń gbé. Pa ẹnu mọ́ kí n tó gbá ọ lẹ́nu."

Ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ bo ẹnu. Ọmọ tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, kí ni kó tún ṣe?

Ọjọ́ Ìpè wá sún mọ́lé. Ọyẹ́ mú lọ́dún yẹn, ó mú débi pé ètè gbogbo èèyàn là. Koríko gbẹ kanrankanran. Àwẹ̀ró wọ aṣọ òfì tuntun, ó mú ọmọ rẹ̀ dání, ó ní òun ń lọ sórí òkè, òun fẹ́ lọ dán ohùn òun wò. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkè, ó fi Mosúnmọ́lá sábẹ́ igi igbá kan, ó fún un ní àkàrà.

"Jókòó síbí o. Má ṣe lọ síbì kankan."

"Ó dáa, ìyá mi."

Àwẹ̀ró gun òkè lọ. Ó la ẹnu, ó ké e: "Ọba mi òkè o!" Òkè dáhùn: "...òkè o o!" Áà, orí Àwẹ̀ró wú! Ó tún ké. Òkè tún dáhùn. Ó ké e sí ọ̀tún, ó ké e sí òsì, ó fà á lọ, ó ká a bọ̀, òkè ń tẹ̀ lé e, ohun tó bá sọ lòkè ń sọ. Ó gbàgbé oòrùn. Ó gbàgbé ọmọ tó fi sábẹ́ igi.

Ọmọ jẹ àkàrà tán. Tata kan bà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó nawọ́, tata fò, pàrà! Ó bẹ́ tẹ̀ lé e. Tata fò, pàrà! Ọmọ bẹ́ tẹ̀ lé e. Báyìí ni tata ṣe mú un wọnú koríko tó ga jù ú lọ. Àwọn ọdẹ sì wà lápá kejì òkè, wọ́n ti dáná sun igbó kí ọ̀yà lè sá jáde. Wọn ò mọ̀ pé èèyàn wà níhìn-ín. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kàn yí padà, ó gbé iná yẹn, ó sì kọjú rẹ̀ sí ibi tí ọmọ wà.

Èéfín ló kọ́kọ́ dé imú Àwẹ̀ró. Ó wolẹ̀. Igi igbá dúró. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo.

Yéè! Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta yẹn, òun náà ò lè sọ. Ó ṣubú, ó dìde, òfì tuntun ya fàà. Ó dé ìsàlẹ̀, èéfín ti bo gbogbo ibẹ̀ dúdú, iná ń ta pàràpàrà nínú koríko. Ó kígbe:

"Mosúnmọ́lá o!"

Òkè ní, "...súnmọ́lá o!"

"Níbo lo wà?"

Òkè ní, "...lo wà?"

"Ọlọ́run, èmi ni! Èmi Àwẹ̀ró! Dá mi lóhùn!"

Òkè ní, "...dá mi lóhùn!"

Ẹ ò rí i bí? Òkè tí wọ́n ní ó ń dáhùn, òun náà ń tọrọ ìdáhùn. Ọwọ́ Àwẹ̀ró já wálẹ̀. Ó wá yé e pé láti ọjọ́ tí òun ti ń gun ibẹ̀, ara òun nìkan ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù tó bà á nígbà náà ju ẹ̀rù iná lọ. Ó jókòó sílẹ̀ gbì, ó ká ọwọ́ lérí, ó bú sẹ́kún.

Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ ohùn kan nínú èéfín. Ó ń ha ṣàkàṣàkà. Ẹ fetí sílẹ̀ o. Èmi nìkan ni n ó kọ eléyìí. Ẹ má gbè é! Mo ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbè é, nítorí lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbè é:

Ìyá ọlọ́mọ o...
Ọmọ rẹ ń bẹ lẹ́yìn mi...
Iná jó ọ̀tún, iná jó òsì...
Èéfín dí mi lójú...
Ibo ni n ó gbà o...

Fadérera! Ta ní kó o gbè é? Mo ní ẹ má gbè é! Kí ló dé tí omi ń bọ́ lójú rẹ? Ó dáa, ó dáa. Àánú ló ṣe ọ́. Nu ojú nù, máa gbọ́.

Onígẹ̀gẹ̀ ni. Ó pọn Mosúnmọ́lá sẹ́yìn nínú iná, kò sì ríran. Ó fẹ́ kí ìyá ọmọ dáhùn kí òun lè mọ apá ibi tí òun máa gbà jáde. Àwẹ̀ró dìde fùú, ó la ẹnu, ṣùgbọ́n kí ohùn tó jáde, ọwọ́ rẹ̀ ti dé ẹnu rẹ̀, ó ti bò ó. Òun kọ́ ló rán ọwọ́ náà. Ó ti mọ́ ọwọ́ lára ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ fún un láti kékeré dìde nínú rẹ̀: ohùn ìyá ẹ náà ló gbé mì, tìẹ ló kù. Ta ni Àwẹ̀ró bí kò bá sí ohùn? Kí ni wọ́n máa fi mọ̀ ọ́n nílùú?

Ohùn yẹn tún ké e. Ó ti ń jìnnà. Ó ń lọ sí apá ibi tí iná ti pọ̀ jù.

Ìyá ọlọ́mọ o, dákun...
Ibo ni n ó gbà o...

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àwẹ̀ró gbọ́ ikọ́ ọmọ. Ikọ́ kékeré, kẹ̀hẹ̀, kẹ̀hẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà náà, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ fi sọ ọ́ títí tó fi darúgbó. Nínú ooru iná yẹn, ara rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Orí rẹ̀ wú. Kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀, bí ọmọ tó dijú sórí ẹní ṣe máa ń mọ̀ pé ìyá òun ti wọlé. Ó mọ̀ ọ́n lára gbangba. Ohùn yìí kò sọ ohun tí òun sọ padà fún òun. Ó ń sọ ohun tí òun kò mọ̀. Òun ní kí Ọlọ́run dá òun lóhùn, Ọlọ́run sì ti dáhùn, inú ọ̀fun yẹn ló gbà dáhùn.

Àwẹ̀ró já ọwọ́ kúrò lẹ́nu. Àwẹ̀ró tí kò gbe orin fún ẹnikẹ́ni rí! Ó gbè é. Ó yá, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbè é nísinsìnyí! Ẹ gbè é kó gbọ́!

Lílé: Ìyá ọlọ́mọ o
Ègbè: Jẹ́ńjẹ́, dá mi lóhùn
Lílé: Ọmọ rẹ ń bẹ lẹ́yìn mi
Ègbè: Jẹ́ńjẹ́, dá mi lóhùn
Lílé: Èéfín dí mi lójú
Ègbè: Jẹ́ńjẹ́, dá mi lóhùn
Lílé: Ibo ni n ó gbà o
Ègbè: Jẹ́ńjẹ́, dá mi lóhùn

Ó ń gbè é, ó ń wọnú èéfín lọ. Èéfín ń wọ̀ ọ́ lọ́fun, kò dákẹ́. Ìyá arúgbó gbọ́ ibi tí ègbè ti ń wá, ó yí padà, ó ń tẹ̀ lé e bọ̀. Wọ́n ń pè, wọ́n ń dáhùn, wọ́n ń pè, wọ́n ń dáhùn, títí wọ́n fi kọlu ara wọn, gbì!

Bí wọ́n ṣe jáde sórí àpáta níbi tí kò sí koríko, ìyá arúgbó ṣubú lulẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti jóná. Nǹkan kan kò ṣe Mosúnmọ́lá ju eruku eérú tó bò ó lórí.

Àwẹ̀ró gbá ọmọ mọ́ra, ó wá kúnlẹ̀. "Ìyá, báwo lẹ ṣe dénú iná?"

"Inú oko mi ni mo wà tí mo rí ọmọ tó ń lé tata. Mo rí iná lẹ́yìn rẹ̀. Mo pè é, pé, 'Ọmọ, padà!' Ó gbọ́ mi. Ó wẹ̀yìn, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó sì sáré lọ. Wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. N kò bá a wí. Mo wọlé tọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Àwẹ̀ró lọ́kàn ju ọ̀bẹ lọ. Ó ní, "Ẹ mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń tutọ́ sílẹ̀ bí mo bá rí yín. Kí lẹ wá ń wá nínú iná nítorí tèmi?"

Ìyá arúgbó wò ó láti òkè délẹ̀. Ẹ má rò pé òun náà ò ní ìgbéraga tirẹ̀. Ó ní, "Nítorí tìẹ kẹ̀? Ta ló mọ̀ ọ́? Ọmọ ni mo lọ gbé. Bí mo ti fẹsẹ̀ wọ ibẹ̀, mo mọ̀ pé n kò dá nìkan wà."

Àwẹ̀ró ní, "Ìyá, èmi náà mọ̀ ọ́n."

Ó tú ìborùn òfì rẹ̀, ó yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ gun ẹ̀yìn mi."

"Gbé mi dé ahéré, kó o já mi sílẹ̀ níbẹ̀. Òfin wà."

"Òfin tó fẹ́ẹ̀ pa ọmọ mi? Ẹ gun ẹ̀yìn mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó pọn ìyá arúgbó bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ, ó gbá ọ̀já dì, ó mú Mosúnmọ́lá lọ́wọ́, ó kọjú sí ìlú. Ọ̀sán gangan ni. Kò gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó kọjá ahéré, kò yà. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu odi, gbogbo ìlú ti jáde nítorí èéfín tí wọ́n rí. Bí wọ́n ṣe rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, gbogbo wọn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ fọwọ́ bo ẹnu yín kẹ́ ẹ wo bó ṣe rí. Ó burú, àbí kò burú?

Baálẹ̀ dúró lójú ọ̀nà. Ó ní láti ṣí ọwọ́ díẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. "Àwẹ̀ró! Kí lo pọ̀n sẹ́yìn yẹn?"

"Èèyàn ni, Bàbá."

Háà! Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ohùn iyọ̀ ti lọ. Èéfín ti họ ọ́ lọ́fun, òun náà ń ha ṣàkàṣàkà. Ìlú pariwo. "Ó ti gbé e mì! Onígẹ̀gẹ̀ ti gbé ohùn olórí olórin mì!"

Baálẹ̀ ní, "Ṣé o gbọ́ ara rẹ? Ṣé o rí ohun tá a wí?"

"Èéfín ló họ mí lọ́fun, Bàbá. Bó bá sì jẹ́ òun ló mú ohùn mi, kó máa mú un lọ, kò jù. Ọmọ mi rèé láàyè. Ẹ wò ó. Ẹ fọwọ́ kàn án."

"Ta ni yóò wá bá wa ké sí Ọlọ́run lórí òkè?"

Àwẹ̀ró gbé àyà síwájú bó ṣe máa ń ṣe. Kò tẹrí ba. Ó ní, "Bàbá, ta ló ní Ọlọ́run ń dúró de ìpè wa? Láti ọjọ́ yìí ló ti ń pè wá lọ́nà oko. 'Ẹ kú oko,' ó ní. 'Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀,' ó ní. Àwa la fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo ń wọlé lọ pẹ̀lú ẹni tí mo pọ̀n. Bẹ́ ẹ bá ti ẹnu odi mọ́ mi, ẹ kàn mú ahéré ìyá yìí gbòòrò sí i, torí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa jọ gbé inú rẹ̀."

Ó bá fi ohùn tó kù lọ́fun rẹ̀ lé e:

Lílé: Àbẹ̀bí ni mo pọ̀n wálé o

Ẹnikẹ́ni ò gbè é. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan, tín-ín-rín, dìde láti abẹ́ apá Àwẹ̀ró. Mosúnmọ́lá ni, eyín ò sí níwájú ẹnu rẹ̀: "Jẹ́ńjẹ́, dá mi lóhùn."

Lílé: Ó kí wa kí wa, a ò jẹ́
Lílé: Iná ń jó, kò bá wa sá
Lílé: Ọlọ́run gbẹnu rẹ̀ pè wá

Obìnrin kan já ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó gbè é. Èkejì já ọwọ́. Ìyá àgbà kan tó mọ ìyá Àwẹ̀ró láyé gbè é tomijé-tomijé. Kí o tó ṣẹ́jú, gbogbo ẹnu odi ti ń mì. Baálẹ̀ ló ṣe ìkẹyìn. Ó já ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀, ó wò ó bí ẹni pé kò mọ ẹni tó ni ín, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú eruku, ó ní, "Ìyá Àbẹ̀bí, ẹ káàbọ̀ sílé. Ẹ foríjì wá." Ìyá arúgbó fi ojú pamọ́ sí ẹ̀yìn Àwẹ̀ró, ó ń sunkún, kò lè dáhùn. Ọjọ́ yẹn, òun ni wọ́n kí tí kò dáhùn, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí rèé, ó na ẹsẹ̀, kò lọ síbòmíràn mọ́. Bí mo bá purọ́ nínú rẹ̀, kí n lé orin kí ẹ̀yin má gbè. Bí kò bá ṣe irọ́, ẹ jẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan: ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀, mi ò ní fi pamọ́ fún yín: ẹ má ṣe kẹ́gàn ẹnikẹ́ni nítorí ìrísí rẹ̀ tàbí ohùn rẹ̀, torí ẹ ò mọ ẹnu tí Ọlọ́run máa gbà dá yín lóhùn lọ́jọ́ tí ẹ bá ké pè é. Bí ohùn kan bá sì ń sọ kìkì ohun tí ẹ ti sọ tẹ́lẹ̀ fún yín, ẹ fura sí i, ẹ̀yin náà lẹ ń bá ara yín sọ̀rọ̀.

Ẹ ní n kì í dákẹ́ nínú yíyangàn nípa Ìdí-Ọ̀sẹ̀. N kò ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn wa ni mo fi ń yangàn. Títí dòní, bí àlejò bá kí wa lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì la ń dá a lóhùn. Ẹ lọ wá ìlú tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi.